Ojúewé Kan, Kọ̀ǹpútà Púpọ̀: Ìṣelámèyítọ́ Iṣẹ́ Li àti Hudak lórí Ìbáramu Ìrántí Àjọlò

Ìfáàrà

Ewì, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ ni lámèyítọ́ sábà máa ń gbé yẹ̀ wò. Àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé òtítọ́ lásán ni ó wà nínú wọn tí kò sí ohun tí a lè bi wọ́n léèrè. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Àkọsílẹ̀ sáyẹ́ǹsì a máa ṣe ìlérí, a máa yan ọ̀nà tí yóò gbà mú ìlérí náà ṣẹ, a sì máa fi ohun kan sí ẹ̀yìn nígbà tí ó bá ń fi ohun mìíràn síwájú. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó gbé irú àkọsílẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, èyí tí Kai Li àti Paul Hudak tẹ̀ jáde ní 1989 nínú jọ́nà ACM Transactions on Computer Systems. Ohun tí ó dá lé lórí ni bí kọ̀ǹpútà púpọ̀ tí nẹ́tíwọọ̀kì so pọ̀ ṣe lè máa lo ìrántí kan náà láìjẹ́ pé ohun tí ọ̀kan ń rí yàtọ̀ sí ohun tí èkejì ń rí. Gbòǹgbò iṣẹ́ náà wà nínú àpilẹ̀kọ tí Li fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Yale ní 1986.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ìlérí tí àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì ṣe, pé ẹni tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè gbàgbé pé nẹ́tíwọọ̀kì wà láàárín, ṣẹ ní ti pé ìdáhùn ètò náà yóò tọ̀nà. Kò ṣẹ ní ti iye tí ètò náà yóò ná wa. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn wọn kò sì tún ìlérí yìí ṣe. Àdéhùn mìíràn ni wọ́n bá aṣètò dá. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ohun tí a máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí gbogbo ẹ̀dà bá ara wọn mu. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bí ó ṣe wà yóò kọ ètò tí yóò máa fún un ní ìdáhùn tí kò tọ̀nà, kò sì ní mọ̀.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a sọ nǹkan díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ tí a ń lò. Ìrántí ni a pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń pa ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí mọ́ sí. Àwọn kan fẹ́ràn ‘ibi ìpamọ́’, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ya àpótí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àbùkù kan wà lára ‘ìrántí’ náà: ènìyàn a máa gbàgbé. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ohun tí ó ń rántí lè ti di ohun àná. Ní ti ‘ojúewé’, kò sí wàhálà. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, inú ìwé ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà, ìwé kò sì ṣàjèjì sí wa.

Ìṣòro tí iṣẹ́ náà kojú

Ká ní ìwé máàkì gbọọrọ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní apá òsì, òpó kọ̀ọ̀kan sì wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ mẹ́ta tí ọ́fíìsì wọn jìnnà síra ni ó ń lò ó. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwé náà, ìjà kò sí, àfi pé ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ rìn lọ bá a. Bí a bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún oníkálukú, ìrìn dín kù. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá yí 38 padà sí 48 lórí ẹ̀dà tirẹ̀, àwọn méjì yòókù yóò ṣì máa ka 38. Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí oníkálukú rí ni ó sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà Apollo tí wọ́n lò ní Yale wà. Nẹ́tíwọọ̀kì alóbìírí kan so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìrántí wọn. Ọ̀kan kò lè na ọwọ́ sí inú ìrántí èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ‘fi èyí ránṣẹ́’ àti ‘gba èyí wọlé’ sínú ètò rẹ̀. Iṣẹ́ líle ni. Ohun tí Li àti Hudak dá lábàá ni pé kí a jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ìrántí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, kí nọ́ńbà ojúlé ohun kan má sì yàtọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn.

Níbi ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ọgbọ́n wọn ti hàn jù lọ. Wọn kò ṣe ẹ̀rọ tuntun. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà ti ní ọ̀nà tí ó fi ń pín ìrántí sí ojúewé ojúewé, tí ó fi ń gbé èyí tí kò lò lọ sí orí díìsì, tí ó sì ń lọ gbé e padà nígbà tí ètò bá kọsẹ̀ lórí ojúewé tí kò sí nílé. Ìkọsẹ̀ yẹn ni wọ́n gbá mú. Dípò kí kọ̀ǹpútà lọ sí orí díìsì nìkan, ó tún lè lọ sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀. IVY ni wọ́n sọ ètò náà, báìtì 1024 sì ni wọ́n fi ojúewé kọ̀ọ̀kan sí.

Ọba méjì kì í gbé ààfin

Òfin tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni púpọ̀ lè ka ojúewé kan lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè kọ sí i, nígbà tí ó bá sì ń kọ ọ́, kò gbọdọ̀ sí ẹni mìíràn tí ó ń kà á. Ojúewé kọ̀ọ̀kan ní olóhun. Kọ̀ǹpútà tí ó bá fẹ́ kà yóò gba ẹ̀dà lọ́wọ́ olóhun, olóhun yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí ó bá fẹ́ kọ yóò gba ojúewé náà tọwọ́tẹsẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn tí ó ní ẹ̀dà, yóò ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ̀dà ọwọ́ wọn ti di àlòpatì, yóò sì dúró títí wọn yóò fi dáhùn kí ó tó fi gègé kan bébà. Ọ̀nà kejì wà, èyí ni kí ẹni tí ó kọ nǹkan máa kéde ohun tí ó kọ fún gbogbo àwọn tí ó ní ẹ̀dà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yẹ ìyẹn wò, wọ́n sì pa á tì, nítorí pé kíkọ kọ̀ọ̀kan ni yóò di ariwo lórí nẹ́tíwọọ̀kì.

Níbo wá ni a ó ti rí olóhun, nígbà tí olóhun ń yí padà? Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti dùn kà jù. A lè fi alákòóso kan sí àárín tí yóò máa mọ ibi tí ohun gbogbo wà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà yóò gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, èrò yóò sì pọ̀ níbẹ̀. A lè pín iṣẹ́ alákòóso náà fún gbogbo kọ̀ǹpútà. A lè máa pariwo, ‘Ta ni ó ni ojúewé yìí?’, kí gbogbo ìlú gbọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù kò ní alákòóso rárá. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kàn ní èrò kan lọ́kàn nípa ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó ni ojúewé náà. Èrò náà lè ti gbó, kò léwu. Ẹni tí a bi yóò tọ́ka sí ẹni tí òun mọ̀, ìyẹn yóò tọ́ka sí ẹlòmíràn, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ olóhun gan-an, gẹ́gẹ́ bí àlejò ti ń béèrè ọ̀nà ilé ẹnìkan ní ìlú tí kò dé rí. Ẹwà rẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tí ó tọ́ka ọ̀nà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ nǹkan yóò yí èrò tirẹ̀ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ó ń béèrè yìí ni yóò di olóhun. Báyìí ni ọ̀nà ṣe ń kúrú sí i bí a bá ṣe ń rìn ín tó. Wọ́n sì fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ N, tí a sì wá olóhun ojúewé kan ní ìgbà K, iye ìfìránṣẹ́ kò ní ju ìwọ̀n N àti K tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú lọ́gì N lọ, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ burú tó. A kò rí àléébù kankan tí a lè tọ́ka sí nínú apá iṣẹ́ yìí.

‘Èyí tí a kọ kẹ́yìn’

Níbi ìtumọ̀ ni a ti fẹ́ bá wọn jiyàn. Wọ́n ní ìrántí bá ara rẹ̀ mu bí ohun tí a kà ní ojúlé kan bá jẹ́ ohun tí a kọ síbẹ̀ kẹ́yìn nígbà gbogbo. Gbólóhùn náà mọ́lẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ èyí tí í ṣe ìkẹyìn? Kọ̀ǹpútà méjì tí ó jìnnà síra kò ní aago kan náà. Bí ọ̀kan bá kọ nǹkan ní ìhín, tí èkejì sì kọ nǹkan ní ọ̀hún kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ ara wọn, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni ó ṣáájú. Leslie Lamport ti yẹra fún ìkòtò yìí ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Ohun tí ó béèrè ní 1979 ni pé kí àbájáde rí bí ẹni pé gbogbo iṣẹ́ tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlà kan, kí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì tò nínú ìlà náà gẹ́gẹ́ bí ètò rẹ̀ ti là á sílẹ̀. Kò béèrè aago rárá. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé òfin IVY mú ohun tí Lamport béèrè ṣẹ, nítorí pé a kì í kọ nǹkan kí gbogbo ẹ̀dà tó di àlòpatì. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára ju ìtumọ̀ tí wọ́n fún un lọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ wọn kọ́ni, gbólóhùn Lamport ni kí ó kọ sí ojú pátákó.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìwé máàkì. Olùkọ́ Ìṣirò ń kọ sí òpó tirẹ̀, olùkọ́ Yorùbá ń kọ sí òpó tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀, àfi pé bébà kan náà ni wọ́n ń lò, òfin sì sọ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè di bébà náà mú láti kọ nǹkan sí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ 40, tí àwọn méjèèjì sì ń kọ ọ́ ní gbà-fún-mi-n-gbà-fún-ọ, ìwé náà lè rìn tó ìgbà 80 láàárín ọ́fíìsì méjì kí iṣẹ́ tó parí. Máàkì kò ní yí, kò sì ní sí ẹni tí yóò rí àṣìṣe kankan. Ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ nìkan ni yóò wú.

Èyí ni a lè pè ní àjọlò ẹ̀tàn, òun sì ni àrùn tí ó bá ìlànà IVY jà jù. Bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 8, nọ́ńbà 128 ni yóò wà lórí ojúewé oníbáìtì 1024. Lórí ojúewé oníbáìtì 4096 tí ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí ó dé lẹ́yìn náà, wọn yóò jẹ́ 512. Kọ̀ǹpútà méjì lè máa fa gbogbo 512 mọ́ra wọn lọ́wọ́ nítorí méjì péré tí kò tilẹ̀ kan ara wọn. Ẹni tí ó kọ ètò náà kò ní rí i, nítorí pé kò sí ojúewé nínú èdè tí ó fi kọ ètò rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí a fi pamọ́ fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́ ní owó. Li àti Hudak mọ̀ pé ojúewé ńlá máa ń fa ìjàngbọ̀n, wọ́n sì mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n wọ́n mẹ́nu bà á bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n bàtà, pé kí a ṣáà wá èyí tí ó bá ẹsẹ̀ mu. Lójú tiwa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ojúewé jẹ́ ìpín tí ẹ̀rọ ṣe fún ìrọ̀rùn ara rẹ̀, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìpín tí aṣètò ṣe nínú ọkàn tirẹ̀.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ọwọ́ wọn mọ́ nípa àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣe. Wọ́n mú iṣẹ́ tí ó bá ojúewé lára mu, bí ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì. Wọ́n sì mú èyí tí kò bá a mu pẹ̀lú, níbi tí ìṣirò kò tó nǹkan tí ìrìnkèrindò nọ́ńbà sì pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí a rí i pé kọ̀ǹpútà púpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ran ìyẹn lọ́wọ́. Ọ̀kan wà nínú àbájáde wọn tí ó yẹ kí òǹkàwé fura sí: iṣẹ́ kan yára ju iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe é lọ. Kì í ṣe idán. Ìrántí kọ̀ǹpútà kan kò gba iṣẹ́ náà, nítorí náà ó ń sáré lọ sí orí díìsì láìsinmi. Nígbà tí a fi ìrántí méjì kún ara wọn, sáré-n-bájà yẹn dópin. Àwọn òǹkọ̀wé náà ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa kàn fẹ́ fi kún un pé èrè àyè ni ìyẹn, kì í ṣe èrè àjọṣe.

Àdéhùn tuntun

Ní 1990, Kourosh Gharachorloo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford gbé èrò kan kalẹ̀ tí ó yí ọ̀rọ̀ padà: kò pọn dandan kí ẹ̀dà bá ara wọn mu ní gbogbo ìṣẹ́jú. Ó tó bí wọ́n bá bá ara wọn mu nígbà tí ẹnìkan bá tú àgádágodo sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. John Carter, John Bennett àti Willy Zwaenepoel mú èrò yìí wọ inú Munin ní Yunifásítì Rice ní 1991. Ìlànà wọn rọrùn láti fi ìwé máàkì ṣàlàyé. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ẹ̀dà méjì: yóò fi ọ̀kan pamọ́ láìfọwọ́ kàn án, yóò sì máa kọ sí èkejì. Nígbà tí ó bá parí, yóò fi méjèèjì wé ara wọn, ìyàtọ̀ nìkan ni yóò sì fi ránṣẹ́. Ìrìn ìgbà 80 di ìfìránṣẹ́ méjì. TreadMarks ti 1994, tí Pete Keleher, Alan Cox, Sandhya Dwarkadas àti Zwaenepoel ṣe, tún fi kún un pé kí a má tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ó bá gba àgádágodo tẹ̀lé e. Wọ́n pe ìlànà yìí ní ti ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ni. Ní Carnegie Mellon, Brian Bershad àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú Midway ní 1993: aṣètò gbọ́dọ̀ sọ àgádágodo tí ó ń ṣọ́ ohun kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ìwé kíkọ́ni a máa to àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí jọ bí ẹni pé wọ́n wo àrùn IVY sàn. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí IVY ṣèlérí ni pé aṣètò kò ní láti mọ ohunkóhun. Ohun tí TreadMarks sọ ni pé bí aṣètò bá fi àgádágodo ti gbogbo ibi tí ó yẹ, òun yóò jẹ́ kí ó rí ìrántí tí ó bára mu. Bí kò bá tì í, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni kí ó fara mọ́. Bí olùkọ́ méjì bá kọ máàkì sí orí ìlà kan náà ní òpó kan náà láìgba àgádágodo, kò sí ẹni tí yóò pariwo. Ọ̀kan yóò bo èkejì mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹnìkan máa ka 38 títí di alẹ́. IVY kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ó lè falẹ̀, kì í fi ohun àná hàn ọ́. Nítorí náà, a ta ìdánilójú, a sì fi owó rẹ̀ ra ìyára. Ó lè jẹ́ ọjà tí ó dára, lójú tiwa ó sì dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí a tà á fún mọ̀ pé òun ra nǹkan.

Hudak, tí ó di olóògbé ní 2015, wà lára àwọn tí ó dá èdè Haskell sílẹ̀. Nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, ohun tí a bá ti dárúkọ kì í yí padà mọ́. Bí ohunkóhun kò bá sì yí padà, ẹ̀dà rẹ̀ kò lè di ohun àná. Àkọsílẹ̀ 1989 kò tọ ọ̀nà yìí, ó sì ń dùn wá pé kò tọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣe ìṣirò ńlá ni kò dúró de ìjà yìí títí yóò fi parí. Nígbà tí ìlànà MPI jáde ní 1994, wọ́n padà sí ‘fi èyí ránṣẹ́, gba èyí wọlé’ tí IVY fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀, ẹni tí ó ń san owó ń rí ohun tí ó ń san án lé lórí. Síbẹ̀ èrò náà kò kú. Ní 2022, ìlànà CXL 3.0 fi àyè sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ máa jọ lo ìrántí kan, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì máa mójú tó ìbáramu, ní ìpín oníbáìtì 64 dípò ojúewé. Ìpín náà kéré gan-an sí ti Yale, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 8 ṣì wọ inú rẹ̀.

Ohun kan kù tí ìlànà IVY kò pèsè sílẹ̀ fún. Ojúewé tí a bá ń kọ kò ní ẹ̀dà níbòmíràn; òfin fúnra rẹ̀ ni ó pa wọ́n rẹ́. Bí kọ̀ǹpútà tí ó ni ín bá kú, ojúewé náà bá a lọ, ọ̀nà tí gbogbo àwọn yòókù ń tọ́ka sí yóò sì parí sí ẹnu ọ̀nà ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ètò yìí dán akẹ́kọ̀ọ́ wò ní yàrá kọ̀ǹpútà wa, kí ó yọ wáyà iná ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà márùn-ún nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Mẹ́rin yòókù yóò ṣì tanná, wọn yóò béèrè ojúewé náà, wọn yóò sì dúró.